Kí bọ́ọ̀dù tó bọ́ sẹ́nu ayùn: Àwọn àfikún kékeré tó ń sọ SketchUp di akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù

Oníbàárà tó fẹ́ ṣe wọ́dúróòbù tàbí kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná lóde òní kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé ẹnu lásán mọ́. Àwòrán ló fẹ́ rí lórí fóònù rẹ̀ kó tó san àsansílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ káfíńtà, àwọn tó ń tún inú ilé ṣe àti àwọn tó ń ya pílánù ilé fi jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo SketchUp, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya ilé àti ohun inú ilé lọ́nà tí ojú á fi rí i níwájú, lẹ́yìn àti lókè. Àwòrán náà ń wu oníbàárà, àsansílẹ̀ sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá dé ṣọ́ọ̀bù, bírò àti ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń fi ka iye bọ́ọ̀dù tí wọ́n máa rà. Ibẹ̀ gan-an ni èrè ti ń jò lọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin oníṣẹ́ mọ̀ ni pé SketchUp tí ẹ ń lò yẹn kò parí síbi tí ẹ rò pé ó parí sí. Àwọn irinṣẹ́ kéékèèké kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn, plugin tàbí extension ni àwọn tó ń lò wọ́n ń pè wọ́n, iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà náà kò lè dá ṣe ni wọ́n sì wà fún. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ náà á máa rán aṣọ lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ kékeré tí télọ̀ bá dè mọ́ ọn ló máa jẹ́ kó ṣe ojú bọ́tìnì, òmíràn ni wọ́n á sì dè kó tó lè rán síìpù. Télọ̀ tí kò ní àwọn ẹsẹ̀ yẹn á fi ọwọ́ ṣe é, á sì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí mélòó ló máa gbà á?

Ọdún 1999 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ @Last Software sílẹ̀ nílùú Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì gbé SketchUp jáde. Google ra ilé iṣẹ́ náà lọ́dún 2006, ó gbé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kan síta, èyí ló sì jẹ́ kí orúkọ SketchUp kárí ayé. Nígbà tó di 2012, Google tà á fún Trimble, ọwọ́ Trimble ló sì wà títí di òní. Àmọ́ lọ́dún 2004, kí Google tó dé ibẹ̀ rárá, ni ohun tó ṣe pàtàkì jù ti ṣẹlẹ̀. Nínú ẹ̀dà kẹrin sọ́fítíwíà náà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún Ruby, ìyẹn èdè kọ̀ǹpútà tí ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Yukihiro Matsumoto, gbé jáde lọ́dún 1995. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè náà lè kọ ìlànà kékeré tí á máa pàṣẹ fún SketchUp pé kó ya àtẹ̀gùn, kó ka iye pákó, kó pa ìlà tí kò wúlò rẹ́. Kò ní dúró de ẹni tó ni sọ́fítíwíà. Káfíńtà, ayàwòrán ilé tàbí olùkọ́ tí ìṣòro kan ń dà láàmú ló ń jókòó wá ojútùú rẹ̀, tí á sì pín in fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe SketchUp ló kọ́kọ́ dá irú àṣà yìí sílẹ̀. AutoCAD ti ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, AutoLISP, láti ọdún 1986. Àwọn tó ra AutoCAD LT tí owó rẹ̀ kéré ni kò rí i lò, àfi ìgbà tí ẹ̀dà 2024 jáde.

Nínú gbogbo àfikún tó wà fún SketchUp, èyí tó yẹ kí oníṣẹ́ igi kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀ ni OpenCutList. Àwọn oníṣẹ́ igi ilẹ̀ Faransé kan, tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní L'Air du Bois, ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sì wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ti ya wọ́dúróòbù tán, tí ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ dá dúró, kí ilẹ̀kùn dá dúró, kí pẹpẹ náà dá dúró, tí ẹ sì sọ fún un pé MDF mílímítà 18 ni èyí, pílaiwúùdù ni tọ̀hún, á to gbogbo rẹ̀ jọ fún yín: orúkọ, iye, gígùn, ìbú àti nínípọn. Lẹ́yìn ìyẹn, á ya bí wọ́n ṣe máa gé ègé kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù, á sì sọ iye bọ́ọ̀dù tí ẹ máa rà. Ó ń ka gígùn téèpù tí wọ́n fi ń bo etí bọ́ọ̀dù. Ó tún ń ṣe lébẹ́ẹ̀lì tí ẹ lè tẹ̀ jáde, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ègé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ iṣẹ́ má baà gbé ilẹ̀kùn apá òsì lọ sí apá ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 tí gbogbo ènìyàn ń rà lọ́jà, mílímítà 2,440 ni gígùn rẹ̀, mílímítà 1,220 sì ni ìbú rẹ̀. Ká ní ẹ̀gbẹ́ wọ́dúróòbù kan ga ní 2,100, tó sì jìn ní 600. Ẹ̀gbẹ́ méjì á wọ inú bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo: 600 lọ́nà méjì, kí ẹ fi mílímítà 3 tí eyín ayùn máa jẹ kún un, ó di 1,203. Àyè ṣì ṣẹ́ kù. Oníbàárà wá ní òun fẹ́ kó jìn díẹ̀ sí i, kí hángà má baà máa kan ilẹ̀kùn, ẹ sì kọ 620 sílẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti di 1,243. Kò lè wọ inú bọ́ọ̀dù kan mọ́, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gba bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Nínú ilé oníyàrá mẹ́rin, wọ́dúróòbù mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ, bọ́ọ̀dù 4 tó yẹ kí ẹ rà fún ẹ̀gbẹ́ nìkan ti di 8. Mílímítà 20 tí kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ ló fà á. Lóòótọ́, àjẹkù tó fẹ̀ ní 597 á wà lára bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè fi ṣe pẹpẹ, àmọ́ pẹpẹ mélòó ni wọ́dúróòbù mẹ́rin fẹ́ gbà?

Kódà ẹni tó bá rò pé òun gbọ́n, tó pín ìbú bọ́ọ̀dù sí méjì ọgbọọgba, 610 àti 610, á kọsẹ̀, nítorí ayùn á gba tirẹ̀. Iye tó nílò á di 1,223, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù kò ju 1,220 lọ. Ọ̀gá káfíńtà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mọ èyí láìwo kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó máa bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò lè wà nídìí gbogbo iṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná tó ní ọgọ́ta ègé, tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, orí ènìyàn kan kò lè tò ó lórí bọ́ọ̀dù lọ́nà mẹ́wàá kó tó mú èyí tí kò ní ṣòfò. Kọ̀ǹpútà á tò ó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó sì rí i pé 620 yẹn máa dá bọ́ọ̀dù mẹ́rin lé yín lórí nígbà tí oníbàárà ṣì jókòó síwájú yín, tí ẹ ṣì lè sọ fún un pé ẹ máa dín in kù tàbí kó fi owó kún un.

Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń pè fún oníbàárà ni àǹfààní tó tóbi jù. Ẹ lè tẹ iye tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀dù kan sínú OpenCutList, á sì bá yín ṣírò iye tí igi iṣẹ́ náà máa jẹ́. Nígbà tí iye owó ọjà kì í dúró sójú kan, tí ẹ̀ ń pe owó lọ́jọ́ Ajé tí ọjà sì lè wọ́n sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì, nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ máa yí padà, gbogbo ìṣirò á sì yí tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń fojú bù ú ló ń pe owó tó kéré jù, tó sì ń fi èrè tirẹ̀ parí iṣẹ́ oníbàárà.

Àmọ́ o, àfikún yìí kì í ṣe babaláwo. Bí ẹ bá ya gbogbo wọ́dúróòbù papọ̀ bí òkúta kan ṣoṣo, kò ní rí nǹkan kan kà. Bí bọ́ọ̀dù bá ní ìlà igi lójú, tí ẹ kò sì sọ fún un pé ìlà náà gbọ́dọ̀ dorí kọ ọ̀nà kan, á yí ègé kọ̀ọ̀kan bó ṣe wù ú kó lè fi àyè pamọ́, ilẹ̀kùn kan á ní ìlà òró, èkejì á ní ìlà ìbú. Bákan náà ni ẹ gbọ́dọ̀ wọn ohun tí ayùn yín ń jẹ gan-an, torí ayùn tí ẹyín rẹ̀ nípọn kì í jẹ iye kan náà pẹ̀lú èyí tó tinrin. Ẹni tí kò bá yàwòrán dáadáa, ìṣirò tí kò dáa ló máa rí gbà, kìkì pé ó máa yára rí i.

Fún àwọn tó ń ya pílánù ilé, tiwọn náà wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1001bit máa ń ya àtẹ̀gùn, òrùlé àti férémù fèrèsé. Ká ní gíga láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ òkè jẹ́ mílímítà 3,000. Bí ẹ bá ní kí ìgbésẹ̀ jẹ́ 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ga ní 150 géérégé, kò sì ní sí ọ̀kan tó ga ju èkejì lọ, torí àtẹ̀gùn tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba ló ń gbé àgbàlagbà ṣubú. Profile Builder wà fún ohun tó bá gùn lọ, bí ọgbà yíká ilé, igi orí sílíìnì àti irin ojú bákónì. Àwọn tó ṣe é náà ló ṣe Quantifier Pro, tó ń ka gígùn, ìbú àti iye owó ohun tí wọ́n bá yà. Owó ni wọ́n fi ń ra àwọn méjèèjì yìí, àyè sì wà láti kọ́kọ́ dán wọn wò.

CleanUp³, tí Thomas Thomassen, ọmọ ilẹ̀ Norway, kọ, kì í ya nǹkan kan ní tirẹ̀. Ìdọ̀tí ló ń kó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń wa àga, bẹ́ẹ̀dì àti òdòdó ọ̀fẹ́ láti inú 3D Warehouse, ilé ìkẹ́rùsí àwòrán SketchUp, wọ́n á kó o sínú ilé tí wọ́n yà, ẹnu á wá yà wọ́n pé kọ̀ǹpútà ń rìn bí ìgbín. Àga kan ṣoṣo lára ohun tí wọ́n wà sílẹ̀ yẹn lè ní ìlà ju odindi ilé lọ. Àfikún yìí á kó ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò dànù, fáìlì á fúyẹ́, ẹ ó sì lè fi ránṣẹ́ láìjẹ dátà tó pọ̀. Fún ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù, èyí lè sún ọjọ́ tó máa ra òmíràn síwájú.

Ká sọ òótọ́ kan síbẹ̀ o. Kò sí àfikún tó ń sọ ènìyàn di ayàwòrán ilé lójú òfin. ARCON ló ń forúkọ àwọn yẹn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹnjiníà ló sì ń sọ bí òpó àti bíìmù ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. SketchUp á gbé ilé alájà márùn-ún dúró lórí òpó tó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti kọ́kọ́ ń ná owó ni àwọn àfikún tó ń jẹ́ kí àwòrán jọ fọ́tò. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni V-Ray, tí ilé iṣẹ́ Chaos ṣe. Ìlú Sofia, lórílẹ̀-èdè Bulgaria, ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1997. Enscape tí wọ́n ṣe ní Jámánì tún wà, ilé iṣẹ́ méjèèjì sì para pọ̀ lọ́dún 2022. Àwòrán wọn dára, kò sí irọ́ níbẹ̀: ìmọ́lẹ̀ á wọlé láti ojú fèrèsé, táìlì á máa dán, oníbàárà á rò pé wọ́n ti kọ́ ilé náà tán. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lágbára ni wọ́n ń fẹ́, èyí tó ní káàdì àwòrán gidi, àwòrán kan sì lè gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kó tó jáde. Níbi tí iná kò ti dúró, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń ya àwòrán yẹn. Ó tọ́ fún ẹni tó ń ta ilé tí wọn kò tíì kọ́. Fún ẹni tó ń ṣe kábínẹ́ẹ̀tì, àwòrán SketchUp lásán pẹ̀lú òjìji tó ti wà nínú rẹ̀ ti tó láti gba àsansílẹ̀, ohun tó ń ka bọ́ọ̀dù ló sì yẹ kó ṣáájú ohun tó ń dán.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dẹ pańpẹ́ fún ẹni tí kò bá farabalẹ̀ kà á. Kì í ṣe gbogbo SketchUp ló ń gba àfikún. Èyí tí wọ́n ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbà á. Èyí tí wọ́n ń pè ní Go, tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti Pro, kì í gbà á pẹ̀lú. Pro tí wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà ló ń gbà á, òun àti Studio tó ju Pro lọ. Ẹni tó bá ra Go nítorí pé owó rẹ̀ kéré, tó wá ń wá ibi tí á ti fi OpenCutList sí, asán ló ń wá. SketchUp Make 2017, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó kẹ́yìn fún orí kọ̀ǹpútà, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan, ó sì ń gba àfikún, àmọ́ ẹni tó bá ka ìwé àdéhùn rẹ̀ á rí i pé wọn kò gbà á láyè fún iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé.

Nígbà kan, ẹni tó bá ra Pro ti rà á nìyẹn, tirẹ̀ ni títí láé. Oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni Trimble fòpin sí ìyẹn. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó báyìí, bí ìgbà tí èèyàn háyà ṣọ́ọ̀bù, owó náà sì ju 300 dọ́là lọ. Kí ìjọba tó dá náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 460 náírà lọ́jà ìjọba, 300 dọ́là jẹ́ 138,000 náírà. Bí ẹ bá fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan, 300 dọ́là kan náà ti di 450,000 náírà. Trimble kò fi kọ́bọ̀ kún un kó tó di bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ fi wọ̀n ọ́n ni iye bọ́ọ̀dù àti iye wákàtí tó ń bá yín fi pamọ́ lọ́dún. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe wọ́dúróòbù kan lóṣù lè má rí owó yẹn kó jọ padà. Èyí tó ń ṣe odindi ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóṣù lè rí i kí ìdajì ọdún tó pé.

Bí wọ́n ṣe máa san án náà kò rọrùn nígbà kan. Lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tó sì di òpin ọdún náà, àwọn kan dá a dúró pátápátá. Ọdún 2025 ni àwọn báńkì kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ san án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi báńkì rẹ̀ léèrè iye tí káàdì rẹ̀ lè ná, kó sì rántí pé owó ọdún tó ń bọ̀ á fúnra rẹ̀ yọ kúrò nínú àkáǹtì àyàfi tó bá ti pa á.

Nítorí owó yìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń sá lọ sídìí ayédèrú, èyí tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀. Òfin wà lórí ìyẹn: Òfin Ẹ̀tọ́ Àṣẹ̀dá ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lóṣù Kẹta ọdún 2023, dáàbò bo sọ́fítíwíà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé òfin tì ná. Àfikún SketchUp kì í ṣe àwòrán lásán, ìlànà kọ̀ǹpútà ni. Tó bá ti wọlé, ohunkóhun tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe lórí kọ̀ǹpútà yẹn ni òun náà lè ṣe: ó lè ka fáìlì, ó lè pa á rẹ́, ó sì lè fi í ránṣẹ́ síta. Ẹni tó bá já àgádágodo àfikún olówó kan, tó sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, lè ti fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n tún ti yí ìkọ̀wé rẹ̀ padà tó fi jẹ́ pé ẹni tó mọ Ruby pàápàá kò lè kà á. Àwòrán iṣẹ́ oníbàárà mẹ́wàá lè ṣòfò lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí àfikún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

SketchUp fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ṣọ́ kan. Nínú Extension Manager, ẹ lè sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gba àfikún tí kò ní òǹtẹ̀, tàbí kó kọ́kọ́ bi yín. Ibi tó dára jù láti mú wọn ni Extension Warehouse, ọjà tí Trimble ṣí lọ́dún 2013. SketchUcation náà wà, níbi táwọn tó ti ń lo SketchUp fún ọ̀pọ̀ ọdún ń kó tiwọn sí. Fáìlì tó bá dé ọwọ́ yín á parí sí rbz. Ẹ kò ní tú u palẹ̀, inú Extension Manager yẹn náà lẹ ti máa fi í sí i.

Ìṣòro mìíràn wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ. Àfikún lè kú. Nígbà tí SketchUp 2014 jáde, wọ́n pààrọ̀ Ruby àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀, 1.8, sí 2.0, ọ̀pọ̀ àfikún tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ sì dákẹ́ títí àwọn tó kọ wọ́n fi tún wọn ṣe. Èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti pa tì, ó dákẹ́ nìyẹn. Àwọn kan tún wà tí kò lè dá ṣiṣẹ́. Àwọn irinṣẹ́ Fredo6 tí wọ́n fi ń yí etí nǹkan po àti láti fa ojú rẹ̀ wọ́, àfikún mìíràn tó ń jẹ́ LibFredo6 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó lè jí, àwọn kan tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú wọn tẹ́lẹ̀ ti di olówó. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré gbé ẹ̀dà tuntun SketchUp lé orí kọ̀ǹpútà nítorí pé ó jáde lánàá. Kó jẹ́ kí tàtijọ́ wà níbẹ̀, kó dán tuntun wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó rí i pé ohun tó ń bá a ka bọ́ọ̀dù ṣì ń kà á.

Ẹni tí owó Pro bá ju agbára rẹ̀ lọ ṣì ní ọ̀nà mìíràn. FreeCAD, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2024, jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n gbà kí wọ́n fi ṣòwò, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń gba àfikún nínú ara rẹ̀. Blender náà jẹ́ ọ̀fẹ́, àfikún kan tó ń jẹ́ Bonsai, tí wọ́n ń pè ní BlenderBIM tẹ́lẹ̀, sì wà tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pílánù ilé. Ẹni tó bá lo SketchUp rí á sọ fún yín pé kíkọ́ àwọn yìí le jù ú lọ, kò sì parọ́. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni èèyàn máa fi jókòó tì wọ́n. Owó kọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́, àsìkò ni.

Iṣẹ́ kan tún wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ Faransé tó kọ OpenCutList kò ronú nípa búlọ́ọ̀kù íńṣì 9. Búlọ́ọ̀kù yẹn gùn ní mílímítà 450, ó ga ní 225, bíríkìlà sì mọ̀ pé nǹkan bí 10 ló ń gba mítà kan ní igun mẹ́rin. Ká ní ògiri ilé kan jẹ́ mítà 180 níye bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sì gba 30 nínú rẹ̀. 150 ló ṣẹ́ kù, búlọ́ọ̀kù 1,500 nìyẹn, láìtíì ka èyí tó máa fọ́. SketchUp mọ ìbú ojú ògiri kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yà. Ọmọ tó gbọ́ Ruby díẹ̀ lè kọ àfikún tí á yọ ojú fèrèsé kúrò, tí á ka búlọ́ọ̀kù, tí á sì fi iye àpò sìmẹ́ǹtì kún un gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà àdúgbò ṣe ń po ó. Ìwé tó ṣàlàyé bí Ruby ṣe ń bá SketchUp sọ̀rọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ni kó ṣọ́ra fún: bí pílánù tilẹ̀ wà ní mílímítà, íńṣì ni Ruby inú SketchUp fi ń dá ìbú ojú ògiri padà, mítà kan ní igun mẹ́rin sì jẹ́ íńṣì 1,550. Bí kò bá pín in kó tó ṣírò, ilé oníyàrá mẹ́ta rẹ̀ á máa béèrè búlọ́ọ̀kù tó ju mílíọ̀nù méjì lọ.